Pósítà Táńgò Tí Ìjọ Fi Dá Bàbá Mi Lẹ́bi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí irun orí mi ṣì wà lọ́wọ́ ìyá mi, ìlú Houston ni à ń gbé, nínú apartment kan ní Sharpstown, lẹ́bàá freeway tí ariwo rẹ̀ kì í sinmi. Mo ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún báyìí. Mo ti kàwé débi tí mo fi mọ̀ pé kò dáa kí ènìyàn máa fi ìbínú kọ̀wé. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìbínú náà ni mo ṣì fẹ́ fi kọ èyí, nítorí bí mo bá dúró dìgbà tí inú mi bá rọ̀, àfàìmọ̀ kí n má kú sẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí, ẹ máa ń gbọ́ tí àwọn òbí yín ń sọ pé Houston ayé ọjọ́un dùn, pé gbogbo ọmọ Yorùbá mọ ara wọn. Òótọ́ ni, a mọ ara wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín ohun tí a fi mímọ̀ náà ṣe.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, epo rọ̀bì ló gbé ìlú yìí ró. Nígbà tó fi máa di àárín rẹ̀, iye tí wọ́n ń ta epo já wálẹ̀, ìlú náà sì já tẹ̀lé e. Àwọn ilé tí àwọn ènìyàn ń du tẹ́lẹ̀ di òfìfo. Àwọn onílé ń ta aṣọ ìpolówó sójú ọ̀nà pé kí ènìyàn ṣáà wá máa gbé, oṣù àkọ́kọ́ ọ̀fẹ́ ni. Aládùúgbò wa kan, ọmọ Nàìjíríà, tó ń bá iléeṣẹ́ epo ṣiṣẹ́, kó ẹrù sẹ́yìn ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ju kọ́kọ́rọ́ ilé sínú àpótí lẹ́tà, ó lọ. Kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Ojú ló ń tì í.

Bàbá mi kì í ṣe ẹnjiníà. Iṣẹ́ àwòrán ni wọ́n kọ́ ní yunifásítì: bí a ṣe ń to lẹ́tà, àwọ̀ àti àwòrán pọ̀ sójú pákó tàbí ìwé kí ẹsẹ̀ ẹni tó ń kọjá lọ lè dúró. Àwọn ará ilé wa n'Íbàdàn kò fìgbà kan lóye rẹ̀. Àbúrò bàbá mi a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lórí tẹlifóònù: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ 'Ẹ má tọ̀ síbí o' sára ògiri lẹ lọ kọ́ dé Amẹ́ríkà?" Bàbá mi á rẹ́rìn-ín. Ọ́fíìsì kan láàárín ìlú ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ìpolówó fún àwọn iléeṣẹ́ epo. Nígbà tí epo wó, ọ́fíìsì náà wó. Bàbá mi wá wà nílé lọ́sàn-án, ìyá mi ló sì ń jáde lọ ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó.

Ọ̀sán wọ̀nyẹn ni ẹ̀kọ́ mi bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, bàbá mi á ti tẹ́ àwọn ìwé tí wọ́n yá ní láíbìrì sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á fi hàn mí bí àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ń ṣe pósítà nígbà tí sẹ́ńtúrì tó kọjá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: irun obìnrin á máa lọ́ káàkiri ìwé bí ìtàkùn iṣu, lẹ́tà náà á máa wú bí ẹni pé wọ́n rọ omi sí i nídìí. Wọ́n á ṣí ojú ewé, wọ́n á ní, "Ó yá, ogun àgbáyé kìíní ti parí. Wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìtàkùn." Ìtàkùn ti lọ. Rúlà àti kọ́ńpáàsì ló kù: ọkọ̀ ojú omi tó dúró gangan bí ilé gíga, obìnrin tí ọrùn rẹ̀ gùn, tí ojú rẹ̀ kò ju ìlà kan ṣoṣo lọ. Ilé ìwé kan sì wà ní Jámánì tó ní kí wọ́n gé gbogbo ọ̀ṣọ́ kúrò, títí dórí ẹsẹ̀ kéékèèké tó máa ń wà nídìí lẹ́tà. Bàbá mi fi ọwọ́ lé irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín: "Wò ó, ó ti bọ́ bàtà. Ó lè wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa báyìí."

Nítorí ìjọ aládùúrà ni wá. A kì í wọ bàtà wọlé. Aṣọ funfun la máa ń wọ̀, obìnrin kò sì gbọdọ̀ ṣí orí sílẹ̀ nínú ilé àdúrà, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ orí bíbò yìí sọ́kàn. Inú gbọ̀ngàn kan tí a yá ni a ti ń jọ́sìn. Bàbá mi ló ya aṣọ tó wà lẹ́yìn pẹpẹ, àdàbà pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ méje, wọn kò sì gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.

Ní ibi tí àwọn ṣọ́ọ̀bù tò sí ní ìtòsí ilé wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfọṣọ, ọkùnrin ará Ajẹntínà kan ṣí gbọ̀ngàn ijó táńgò. Ọkùnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí àárẹ̀ wà lójú rẹ̀. Ó gbọ́ pé bàbá mi mọ iṣẹ́ àwòrán, ó wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe pósítà fún òun. Bàbá mi kò mọ nǹkan kan nípa táńgò. Ẹni tó kàwé ni wọ́n, kò sì wù wọ́n láti ya ohun tí wọn kò mọ ìdí rẹ̀, nítorí náà láíbìrì ni wọ́n tún gbà lọ, ìtàn táńgò sì di ọbẹ̀ wa lálaalẹ́.

Wọ́n ní àdúgbò àwọn tálákà ní ẹ̀bá èbúté ni wọ́n ti bí ijó náà ní Ajẹntínà. Àwọn ọmọ ẹrú tí wọ́n kó láti ilẹ̀ adúláwọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìlù wọn. Àwọn ọkùnrin tó sọdá òkun láti Ítálì àti Sípéènì láìmú ìyàwó dání wà níbẹ̀ pẹ̀lú orin wọn. Àárò ilé ló pa gbogbo wọn pọ̀. Àwọn ènìyàn ńlá ìlú náà ń tutọ́ sí i, wọ́n ní ijó àwọn aláìníláárí ni. Nígbà tó yá, ó wọkọ̀ ojú omi dé Páríìsì. Àwọn olówó ibẹ̀ ya wèrè lé e lórí débi pé wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àwọ̀ aṣọ kan, àwọ̀ ọsàn tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Àwọn àlùfáà wàásù lòdì sí i. Ọba ilẹ̀ Jámánì ní kí ọmọ ogun òun kankan má jó o nínú aṣọ iṣẹ́. Ìgbà tí Páríìsì gbà á tán ni àwọn ènìyàn ńlá Ajẹntínà tó kọ́kọ́ ń tutọ́ wá ń sọ pé tàwọn ni.

"Ọmọ tí wọ́n lé jáde nílé," bàbá mi á wí, "aṣọ tuntun tó wọ̀ bọ̀ ni wọ́n rí tí wọ́n fi pè é lọ́mọ."

"Ẹ jẹun," ìyá mi á dáhùn. "Ọbẹ̀ ò mọ ìtàn o, ó ń tutù ni."

Mo fẹ́ sọ èyí kedere, kí ẹnikẹ́ni má baà yí i: bàbá mi kò jó táńgò rí. Kò sí ọjọ́ kan tí wọ́n dá lọ sí gbọ̀ngàn náà tí n kò sí níbẹ̀. A máa ń lọ lẹ́yìn ilé ìwé, wọ́n á jókòó sórí àga ìtẹ̀pọ̀, wọ́n á máa fi pẹ́ńsù ya bí ẹsẹ̀ ṣe ń tẹlẹ̀. Ohun tí mo sì fi ojú ara mi rí nìyí: kò sí ìdí jíjù níbẹ̀. Ẹni méjì á súnmọ́ra bí ẹni gbé ẹyin sí àárín àyà, wọ́n á wá máa rìn. Ìrìn lásán ni. Orin náà á máa sunkún láti inú ohun èlò kan tó ń fẹ̀ tó sì ń súnkì bí ẹ̀dọ̀fóró. Ọkọ àti aya kan wà níbẹ̀, ará Fẹtinámù, tí ilé ìtajà wọn ti kógbá sílé. Awakọ̀ kan wà tí kò ní ọkọ̀ mọ́. Ijó àwọn tí nǹkan ti bọ́ lọ́wọ́ wọn ni. Mo ti rí ijó ọjọ́ ìsinmi nínú ìjọ wa tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ irun. Ní ayé ìgbà náà jẹ́ríkọ́ọ̀lù, irun tí wọ́n fi kẹ́míkà ká tí wọ́n sì ń fi òróró pa, ló gbòde. Gbogbo obìnrin ìjọ wa ló ń fi òróró rin ìrọ̀rí. Orí méjì péré ni wọ́n ṣì ń di: orí tèmi, àti orí ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tó sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Àǹtí ni mo ń pè wọ́n. Wọn kò lówó jẹ́ríkọ́ọ̀lù, ìyá mi sì fẹ́ràn wọn, nítorí náà gbogbo Sátidé ni wọ́n máa ń wá sílé wa. Ìyá mi á fi wá sáàárín orúnkún níkọ̀ọ̀kan, wọ́n á di ṣùkú fún wa, ìlà rẹ̀ á gbéra láti iwájú orí lọ pàdé ní góńgó. Ìyàtọ̀ kan ló wà. Omi gbígbóná bọ́ sí mi lórí nígbà tí mo wà ní ọmọ ọwọ́ n'Íbàdàn. Ibi tó bọ́ sí, lókè etí ọ̀tún, kò hu irun títí dòní. Bí ìyá mi bá dé ibẹ̀, wọ́n á tẹ ìlà kan yí àpá náà ká. Ìlà kan yẹn tẹ̀. Gbogbo ìyókù tọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan tí ìyá mi wà níbi iṣẹ́, bàbá mi gbé mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n ní kí n kọ ojú sọ́nà. Wọ́n ya orí mi láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Mo rántí bí wọ́n ṣe sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Wo ìlà yìí. Àwọn òyìnbó á fi kọ́ńpáàsì wá a títí. Ìyá rẹ ti bá mi yà á tán." Nígbà tí pósítà náà jáde, ọkùnrin inú rẹ̀ jẹ́ òjìji dúdú tó dé fìlà, obìnrin náà ní ọrùn gígùn, ojú rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ, ara rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí kò sí láyé. Ilẹ̀ rẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn ti Páríìsì. Lẹ́tà tó bọ́ bàtà gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n irun orí obìnrin náà, ṣùkú ni, ìlà kan sì tẹ̀ lókè etí. Bàbá mi fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní títẹ̀ rẹ̀ ló jẹ́ kí ìyókù tọ́.

Ọkùnrin ará Ajẹntínà náà sunkún nígbà tó rí i. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé gbọ̀ngàn rẹ̀, ó sì lẹ òmíràn mọ́ ara ògiri ilé ìfọṣọ.

Ilé ìfọṣọ yẹn ni aríran ìjọ wa ti máa ń fọ aṣọ ní Sátidé. Ìyá Aríran ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ní ọjọ́ ìsinmi, nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tí Ẹ̀mí bá sọ̀rọ̀ sí dìde, Ìyá Aríran fò sókè.

"Mo rí iná! Mo rí aṣọ tó pọ́n bí iná! Mo rí ọkùnrin kan nínú ìjọ yìí, ó gbá obìnrin mọ́yà, irun obìnrin náà dúró bí adé! Ẹ gbọ́ mi o, kì í ṣe ìyàwó rẹ̀!"

"Yéè! Jésù!" ni gbogbo ìjọ dáhùn.

Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí ń sọ ọ́ láìbẹ̀rù pé ohun tí ènìyàn bá fi ojú ẹran ara rí ní Sátidé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ, kì í ṣe ìran ní ọjọ́ ìsinmi. Ìwà àbòsí ni. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo ìjọ ti yí sọ́dọ̀ àwọn akọrin. Ẹ rántí pé orí wa wà nínú fìlà funfun, irun kò hàn. Kò sì dìgbà tó bá hàn: nítorí góńgó ṣùkú, fìlà Àǹtí máa ń ga ju ti gbogbo akọrin yòókù lọ. Fìlà tèmi náà ga. Ta ló ń wo fìlà ọmọdé?

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e wọ́n pe bàbá mi sí iwájú àwọn àgbà ìjọ lẹ́yìn ìsìn, nínú ilé àdúrà kan náà. Ẹnìkan ti lọ ya pósítà náà kúrò lára ògiri. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Bàbá Ìjọ, tó jẹ́ olórí wa, jókòó sí àárín, Ìyá Aríran wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ìyá mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ wọn wà nínú ara wọn. Kò sẹ́ni tó rí ibi fi mí sí, nítorí náà mo wà níbẹ̀. Wọn kò pe Àǹtí rárá. Wọ́n fẹ́ dá ènìyàn méjì lẹ́jọ́, ẹnì kan ni wọ́n pè.

"Ta ni obìnrin yìí?" Bàbá Ìjọ béèrè.

"Kì í ṣe ẹnikẹ́ni, sà. Àwòrán ni."

"Àwòrán ta ni?"

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe irú ọnà yìí nìyẹn, sà, látayé ọjọ́ pípẹ́. Ojú ènìyàn kì í hàn nínú rẹ̀."

Ìyá Aríran pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Háà! Tí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, kí lẹ wá bo ojú rẹ̀ sí?"

Àwọn àgbà kan kùn pé ọ̀rọ̀ gidi ni. Bàbá mi wò yíká. Mo rí i pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé wọn pé kì í ṣe àṣìlóye lásán ni wọ́n wá tú. Wọ́n ní, "Irun ọmọ mi ni mo wò yà á."

Mo rò pé ó ti parí nìyẹn, pé a óò máa lọ sílé.

"Ọmọ yín?" Bàbá Ìjọ sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ẹ mú orí ọmọ tí ẹ bí, ẹ gbé e lé ọrùn obìnrin oníjó, ẹ sì fi í sí àyà ọkùnrin?"

Ẹ wò ó bí wọ́n ti hun ún. Bí obìnrin inú àwòrán bá jẹ́ Àǹtí, bàbá mi ti ṣe panṣágà. Bí ó bá jẹ́ èmi, wọ́n ti ṣe ohun tó burú ju panṣágà lọ. Bí kò bá jẹ́ ẹnikẹ́ni, irọ́ ni wọ́n ń pa. Mo ti lo ọjọ́ ayé mi nídìí ìwé, mi ò tíì rí ilé ẹjọ́ kankan tí wọ́n ti ti gbogbo ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn tó bẹ́ẹ̀.

"Ó ti kọ́ ọmọ náà ní irọ́ tí yóò pa," Ìyá Aríran wí, bẹ́ẹ̀ n kò tíì la ẹnu mi.

Ìgbà náà ni mo dìde. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí, orí mi sì ni ẹ̀rí. Àpá náà wà níbẹ̀. Ìlà tó tẹ̀ wà níbẹ̀, bí ìyá mi ṣe dì í ní ọjọ́ tó ṣáájú. Pósítà wà lórí tábìlì. Ojú ènìyàn méjì lè parí ọ̀rọ̀ náà láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo ṣí fìlà mi, mo tẹ orí síwájú, mo ní, "Ẹ wò ó, sà."

Ariwo ta. "Ẹ bo orí ọmọ yìí!" "Níwájú pẹpẹ!" "Ẹ bò ó, ẹ bò ó, àwọn áńgẹ́lì wà níbí!" Àwọn ọkùnrin àgbàlagbà yí ojú sí ògiri kí wọ́n má baà rí orí ọmọdébìnrin tó ṣí sílẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́? Wọ́n yí ojú. Gbogbo àwọn tí wọ́n jókòó láti ṣe ìwádìí, kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó wo ohun tí wọ́n ń wádìí, nítorí pé ó jẹ́ èèwọ̀ láti wò ó níbẹ̀. Kò sì sí ẹni tó ní làákàyè láti sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká jáde síta ká wò ó." Ìta kò ju ìṣísẹ̀ díẹ̀ lọ. Oòrùn ń ràn níbẹ̀.

Ìyá mi ló sáré wá bo orí mi. Kí fìlà tó bọ́ sí i, ọwọ́ wọn ni wọ́n fi bò ó. Àtẹ́lẹwọ́ wọn bọ́ sórí àpá náà gan-an. Mo gbójú sókè, mo wo ojú wọn. Wọn kò sọ nǹkan kan.

Wọ́n ka ìdájọ́ náà láti orí pẹpẹ ní ọjọ́ ìsinmi kejì. Wọ́n dá bàbá mi dúró nínú ìjọ títí wọn yóò fi kúnlẹ̀, jẹ́wọ́ panṣágà, kí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn fa pósítà náà ya níwájú gbogbo ènìyàn. Wọ́n yọ Àǹtí kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin láìbi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Aṣọ tó wà lẹ́yìn pẹpẹ, tí bàbá mi yà, wọ́n fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ kò ràn án.

Àǹtí kò wá sílé wa ní Sátidé yẹn. Ìyá mi jókòó sórí àga pẹ̀lú ìyarun lọ́wọ́, wọ́n di orí kan ṣoṣo. A gbọ́ lẹ́yìn náà pé Àǹtí ti kó lọ sí ìlú mìíràn láìparí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ta ló bi ìjọ léèrè ìyẹn?

Nílé wa, ariwo kò pọ̀. Ì bá sàn kó pọ̀.

"Ẹ ṣáà lọ bẹ̀ wọ́n," ìyá mi wí nínú kíṣìnnì.

"Kí n bẹ̀ wọ́n pé mo ṣe kí ni?"

"Ohunkóhun tí wọ́n bá ní ẹ ṣe. Bàbá ọmọ mi, ta la ní níbí? Nígbà tí mo dùbúlẹ̀ àìsàn, ìyá mi ò sí níbí, àwọn obìnrin ìjọ ló tọ́jú ọmọ. Àwọn ló bá mi wáṣẹ́. Bí ẹnìkan bá kú nínú wa lọ́la, ta ni yóò gbé òkú náà?"

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ yìí du ìyá mi. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni tí kò ní ìjọ ní Houston ayé ọjọ́un, ó kàn wà láàárín freeway ni.

Bàbá mi yíjú sí wọn. Wọ́n wá béèrè pé, "Ìwọ náà gbà pé mo ṣe é?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Mi ò bi ọ́ ní ohun tí o sọ. Ohun tí o gbà ni mo bi ọ́."

Ìyá mi ṣí omi ẹ̀rọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fọ abọ́ tó ti mọ́.

Kí ọdún náà tó parí, bàbá mi rí iṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ kan lókè àríwá níbi tí yìnyín ti ń bọ́. Wọ́n ní àwọn yóò wá kó wa. Wọ́n wá lóòótọ́. Ìyá mi ní àwọn kò lè fi ìjọ sílẹ̀. Ìpè orí tẹlifóònù ọjọ́ ìsinmi wá di ti oṣooṣù, nígbà tó yá ó di ti ọjọ́ ìbí mi. Gbọ̀ngàn táńgò náà kógbá sílé. Ọkùnrin ará Ajẹntínà náà kò mọ̀ dòní pé pósítà tó sunkún lé lórí tú ilé kan ká. Bàbá mi kò fẹ́ ìyàwó mìíràn. Mo sọ ìyẹn fún àwọn tó ń dúró láti gbọ́ pé wọ́n fẹ́.

Èmi náà kọ́ iṣẹ́ àwòrán. Ìtàn rẹ̀ ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì. Nígbà tí bàbá mi kú, èmi àti ìyá mi lọ sin wọ́n lókè àríwá, àwọn àjèjì méje ló bá wa gbé òkú. Nígbà tí a padà dé Houston, bí a ṣe ń bọ̀ láti pápákọ̀ òfuurufú, tí mo ń wakọ̀, ìyá mi ń wo ìta. Wọ́n kàn dédé sọ̀rọ̀.

"Mo mọ̀ pé orí ẹ ni."

"Láti ìgbà wo, Mọ́mì?"

"Nígbà tí mo fọwọ́ bò ó. Kódà kí n tó fọwọ́ bò ó. Ṣé n ò mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi ni?"

"Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ?"

"Ta ni ìbá gbọ́?"

Bàbá mi ni ìbá gbọ́. Ohun tí n kò lè sọ nínú ọkọ̀ nìyẹn, nítorí opó ni wọ́n ní ọjọ́ náà, mo sì mọ bí a ṣe tọ́ mi. Mo ń sọ ọ́ níbí. Bàbá mi kò nílò kí gbogbo ìjọ gbọ́. Ẹnì kan ni wọ́n bi ní ìbéèrè.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ. Ìjọ náà ti kọ́ ilé ńlá sí ọ̀nà Richmond, àga rẹ̀ rọ̀, ògiri rẹ̀ ń tàn bí tẹlifíṣọ̀n. Ní ọdún tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ wọn ṣe àpèjẹ ọjọ́ ìfẹ́ nínú gbọ̀ngàn ìjọ, àwọn tọkọtaya sì jó táńgò. Mo rí ìpolówó rẹ̀ lórí fóònù: ọkùnrin dúdú, obìnrin ọlọ́rùn gígùn, ilẹ̀ aláwọ̀ ọsàn. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ló ṣe é. Ẹni tó ní kó ṣe é kò mọ ibi tí ìlà náà ti wá. Gbogbo wọn fi ọkàn pupa sí abẹ́ rẹ̀, títí kan àwọn ọmọ ọmọ àwọn tó yí ojú sí ògiri.

Olórí ìjọ wọn ti ìsinsìnyí, ọmọkùnrin tó mọ ìwà hù, pè mí pé kí n wá bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà. Mo ní mo gbọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ ka orúkọ bàbá mi láti orí pẹpẹ, kí wọ́n sì sọ níbẹ̀ pé bàbá mi kò ṣe ohun tí ìjọ ní wọ́n ṣe. Kí wọ́n dárúkọ Àǹtí náà, bí wọ́n bá ṣì lè wá wọn rí.

Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín àrífín. "Háà, Mọ́mì! Ẹ má jẹ́ kó dùn yín mọ́. Ijó kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ mọ́ o. Àwọn baba wa ni ò mọ̀."

"Mi ò bi yín nípa ijó," ni mo wí.

Ó ní òun yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà. Mo mọ àwọn àgbà. Wọ́n ti mú ẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára ijó náà. Wọn kò tíì mú un kúrò lára bàbá mi.